Àkísà Àgbà: Bí A Ṣe Ń Dá Ojúlówó Mọ̀ Lára Jákẹ́ẹ̀tì Awọ Àwọn Ológun Òfurufú

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọlọ́jà, àwọn aránṣọ àti àwọn oníṣẹ́ awọ ní Ajah, Ìpínlẹ̀ Èkó



  

Òwe kan ni mo fẹ́ fi ṣí ọ̀rọ̀ mi. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ aṣọ dáadáa. Ó mọ̀ pé owó ló ń ra aṣọ tuntun, ṣùgbọ́n ọjọ́ ló ń ṣe àkísà. Ẹni tí owó bá wọlé fún láàárọ̀ lè ra ogún aṣọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí ọjà tí yóò ti ra ogún ọdún. Síbẹ̀, lóde òní, àwọn kan ti ń gbìyànjú láti ta ogún ọdún, àní ọgọ́rin ọdún pàápàá, fún ẹni tí kò mọ̀. Ohun tó mú mi dúró níwájú yín nìyẹn.

Jákẹ́ẹ̀tì tó dé orí tábìlì mi

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta òkìrìkà nítòsí ọjà Ajah gbé ọ̀rá dúdú kan wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún aṣọ awọ ṣe. Ó kí mi, ó sì sọ ohun tó wà nínú ọ̀rá náà kalẹ̀ bí ẹni ń sọ ọmọ tuntun kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí. Inú bélì ló ti jáde. Oníbàárà kan fẹ́ san owó gidi lé e, àmọ́ ó ní kí n kọ́kọ́ fi dá òun lójú pé òríjínà ni."

Jákẹ́ẹ̀tì awọ ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí obì tó ti gbó. Àpò méjì wà níwájú, olómorí. Okùn awọ pẹlẹbẹ wà léjìká ọ̀tún àti tòsì. Ọwọ́ àti ìbàdí rẹ̀ jẹ́ òwú híhun tó ń fà. Síìpù irin gùn láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí ọrùn rẹ̀, ó nawọ́ sí lébẹ̀ẹ̀lì tó wà níbẹ̀. TYPE A-2 ni wọ́n kọ sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà kọ́ńtíráàtì, àti ọ̀rọ̀ tó sọ pé ohun ìní ológun òfurufú Amẹ́ríkà ni.

Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Wọ́n kọ ọ́ sí i."

Mo ní, "Àbúrò, ìwé nìyẹn. Jẹ́ ká lọ wo ilẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ àdúgbò wa ni. Ará ọ̀nà Lẹ́kì sí Èpè kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. A ti rí ìwé tó dára, tó ní òǹtẹ̀, tó ní àwòrán ilẹ̀, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ tó ń sọ wà níbòmíràn. A ti rí ilẹ̀ tó dára tí ìwé rẹ̀ jẹ́ ayédèrú. Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n kì í fi ka ìwé nìkan kó sanwó: yóò wá òpó sáfè nínú igbó, yóò ní kí wọ́n yẹ sáfè náà wò lọ́dọ̀ ìjọba, yóò bi àwọn tí ilẹ̀ wọn bá a pààlà léèrè. Bákan náà ni ti ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti Jakande dé Ṣàngótẹ̀dó. Ẹni tó mọ ọkọ̀ á fi ìka kan ara rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé búùtù, á máa gbọ́ bó ṣe ń dún, kó lè mọ̀ bóyá "first body" ni tàbí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, wọ́n sì tún un kùn. Kì í béèrè pé ṣé ọkọ̀ yìí dára nìkan. Ó ń béèrè pé apá wo ló jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀, apá wo ni wọ́n ti fọwọ́ kàn.

Ìbéèrè kan náà ló yẹ ká bi jákẹ́ẹ̀tì. "Ṣé òríjínà ni?" kéré jù. Aṣọ tó ti lo ọgọ́rin ọdún kì í ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn tirẹ̀, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí fún ara rẹ̀.

Àwọn tó wọ̀ ọ́, àti ìdí tó fi kàn wá

Ẹnìkan lè sọ pé kí ló kan wa nínú jákẹ́ẹ̀tì ogun àwọn òyìnbó. Ó kàn wá ju bí a ti rò lọ.

Lọ́dún 1942, ọmọ Èkó kan, Peter Adeniyi Thomas, gba oyè ọ́fíísà nínú iṣẹ́ ológun òfurufú Bìrìtìkó, RAF. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ gbajúmọ̀ oníṣòwò ni, Stella Thomas, obìnrin àkọ́kọ́ tó di májísíréètì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàálù tó já ló pa Peter Thomas ní Bìrìtìkó lọ́dún 1945, Ogun Àgbáyé Kejì, ogun Hitler, kò sì tíì parí. Ẹlòmíràn ni Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì àti ìbọn nínú bàálù Halifax tó ń lọ ju bọ́ǹbù. Àwọn tí wọ́n jọ ń fò fi í sọ bàálù wọn lórúkọ, wọ́n kọ "Achtung! The Black Prince" sí i lára.

Ẹ jẹ́ ká ro ibi tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń jókòó sí. Bàálù ogun ìgbà náà ń gòkè tó 20,000 ẹsẹ̀ bàtà, afẹ́fẹ́ sì ń gba ojú ihò ìbọn wọlé. Òtútù ibẹ̀ lè lọ sí 40 ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì nísàlẹ̀ òdo. Omi á di òkúta, ìka á kú. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ooru Èkó lọ jókòó sínú irú òtútù bẹ́ẹ̀. Awọ tí ológun òfurufú ń wọ̀ nígbà náà kì í ṣe oge. Ara kejì ni.

Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀ jù. Ti àkọ́kọ́ ni Irvin ti RAF, tí a fi awọ àgùntàn ṣe, irun rẹ̀ wà nínú, awọ wà lóde. Leslie Irvin, ará Amẹ́ríkà tó dá ilé iṣẹ́ párásúùtù sílẹ̀ ní Letchworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1926, ni orúkọ rẹ̀ wà lára jákẹ́ẹ̀tì náà. Ó ní bẹ́líìtì awọ ní ìbàdí, ó sì ní síìpù ní apá. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ní ègé awọ ńláńlá. Nígbà tí ogun le, tí awọ ńlá ṣọ̀wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so ègé kéékèèké pọ̀. Ẹni tó bá ka ègé awọ lè mọ̀ bóyá ìgbà ọ̀pọ̀ ni wọ́n rán an tàbí ìgbà ọ̀wọ́n.

Èkejì ni A-2 ti Amẹ́ríkà, irú èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa gbé wá. Ọdún 1931 ni ìjọba fọwọ́ sí i. A-1 tó ṣáájú rẹ̀, bọ́tìnnì ló ní. A-2 ló mú síìpù wọlé. Awọ ẹṣin ni wọ́n fi rán ọ̀pọ̀ jù lọ, wọ́n fi awọ ewúrẹ́ rán díẹ̀. Ìjọba kì í rán an fúnra rẹ̀: ó ń gbé kọ́ńtíráàtì fún àwọn ilé iṣẹ́ bíi Rough Wear, Aero Leather, J. A. Dubow àti Perry Sportswear. Lọ́dún 1943, wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró, wọ́n gba jákẹ́ẹ̀tì aṣọ dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1988, àwọn ológun òfurufú Amẹ́ríkà tún dá A-2 padà fún àwọn awakọ̀ wọn, awọ ewúrẹ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ kíyè sí i: jákẹ́ẹ̀tì kan lè jẹ́ ti ológun pátápátá, kó má sì jẹ́ ti ogun Hitler. Yàtọ̀ sí ti ológun, ilé iṣẹ́ wà ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Japan tó ń rán àfijọ rẹ̀, tí wọ́n ń fi orúkọ ara wọn sí i láìfi pa mọ́. Iṣẹ́ gidi ni tiwọn. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá gé orúkọ wọn kúrò, tó fi òmíràn rọ́pò, ni irọ́ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́rìí márùn-ún

Ẹ padà sí orí tábìlì. A tan iná, a tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì náà, a pe ẹlẹ́rìí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní ni awọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ awọ ewúrẹ́ tí àwọn àyàn ń fà sójú gángan mọ̀ pé ojú rẹ̀ ní wóróworó. Awọ ẹṣin máa ń dán, ó máa ń le, bó bá sì gbó, ìlà tó ń hù lára rẹ̀ máa ń mú bí ìlà àtẹ́lẹwọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ibi tó ti gbó. Ara ènìyàn ló ń kọ àkísà: ìgbọ̀nwọ́, etí kọ́là, ẹnu àpò tí ọwọ́ ń wọ̀ tó ń jáde, ibi tí bẹ́líìtì ìjókòó ti ń ra ara mọ́ ọn. Ẹ gbé ọmọrí àpò sókè. Abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúdú ju òde lọ, nítorí oòrùn kò dé ibẹ̀. Ẹni tó fi ìwé yanrìn há jákẹ́ẹ̀tì tuntun kó lè dà bí ogbó máa ń há ibi gbogbo bákan náà. Ó gbàgbé pé ọjọ́ ogbó máa ń ṣe ojúsàájú. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti gbó níbi tó yẹ kó gbó, abẹ́ ọmọrí àpò sì dúdú bí kòkó tó gbẹ. Awọ jẹ́rìí pé òun ti dàgbà.

Ẹlẹ́rìí kejì ni òwú, òun àti ihò abẹ́rẹ́. Ibí ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ti fara balẹ̀, nítorí ẹlẹ́rìí yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Aṣọ òwú, bí abẹ́rẹ́ bá gún un, tí a sì tú ìránṣọ náà, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dí padà bí a bá fọ̀ ọ́, tí a lọ̀ ọ́. Awọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀kan, ihò náà di ti títí láé. Ẹnikẹ́ni tó bá tú síìpù, tó rán òmíràn, ó di dandan kí ihò méjì wà níbi tó yẹ kí ọ̀kan wà, àyàfi bó bá fi sùúrù gba inú ihò àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni báàjì tí wọ́n já kúrò láyà: ihò rẹ̀ á yí ká bí àmì ilà, awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì ní àwọ̀ mìíràn. Mo mú gíláàsì tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo etí síìpù. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìlà méjì ni o." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìránṣọ tó wà níbẹ̀, ìlà ihò mìíràn wà tí kò ní òwú nínú, tóóró, bí ipa ẹsẹ̀ èèrà.

Òwú fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ orí. Òwú oko ni wọ́n fi rán A-2 nígbà ogun. Ọdún 1941 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàwárí polyester, lẹ́yìn ogun ló tó dé ọjà. Nítorí náà, ìránṣọ tó bá jẹ́ polyester, wọ́n rán an lẹ́yìn ogun. Báwo la ó ṣe mọ̀? Ẹ gé òwú kékeré tó já sílẹ̀ nínú, ẹ gbé e jìnnà sí jákẹ́ẹ̀tì, ẹ fi iná kàn án. Òwú oko á jó bí ìwé, á rùn bí ìwé, eérú rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Polyester á ká kò, á yọ́, á di kóró líle. Irun àgùntàn àti sílíkì á rùn bí irun orí tó jó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ sányán Ìsẹ́yìn mọ àyẹ̀wò yìí, nítorí inú ilé kòkòrò ni òwú sányán ti wá, iná kì í ṣìnà rẹ̀.

Iná kejì tún wà tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa: iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó náírà wò. Ọ̀pọ̀ òwú òde òní ní èròjà tó ń mú wọn tàn bí ẹfun lábẹ́ iná yìí. Òwú àtijọ́ kì í sáábà tàn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kánjú. Ọṣẹ ìfọṣọ náà ní èròjà yìí, bí ẹnìkan bá ti fọ aṣọ inú jákẹ́ẹ̀tì, ojúlówó náà á tàn. Ẹlẹ́rìí kan kì í dájọ́.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni síìpù. Lára A-2 ìgbà ogun, orúkọ tí a sábà ń rí ni Talon, Crown àti Conmar. Bí ẹ bá rí YKK, ẹ rántí pé ilé iṣẹ́ Japan ni, ọdún 1934 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Japan àti Amẹ́ríkà sì ń bá ara wọn jagun láti December 1941. Ológun kì í ra síìpù lọ́wọ́ ọ̀tá rẹ̀. Síìpù tí eyín rẹ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù pẹ̀lú, ti ìgbà tó yá ni. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó, nítorí Talon ń ṣe síìpù lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin wa ní orúkọ Talon lára. Inú rẹ̀ dùn. Mo ní kó wo aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí eyín síìpù jókòó lé. Kò já, òógùn kò sí lára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣá, bẹ́ẹ̀ awọ tó yí i ká ti rẹ̀ tán. Ìlà ihò méjì ti sọ̀rọ̀ ṣáájú. Síìpù náà jẹ́ ojúlówó Talon, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n bí jákẹ́ẹ̀tì náà mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó jẹ́ tiwa nìkan. Àárín ọ̀sà àti òkun la wà. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ tó ń fẹ́ láti etí òkun Ẹlẹ́kọ máa ń jẹ irin wa. Síìpù tuntun tí ẹ bá fi kọ́ sí ìta fún ìgbà òjò méjì lè ní ìpẹtà aláwọ̀ ewé, kó dà bí ẹni pé ó bá Hitler jagun. Ní ilẹ̀ yìí, ìpẹtà kì í ṣe ìwé ọjọ́ orí. Ẹni tó bá fi ìpẹtà nìkan tan oníbàárà, afẹ́fẹ́ òkun ló ń tà.

Ẹlẹ́rìí kẹrin ni ọwọ́ àti ìbàdí híhun. Irun àgùntàn ni wọ́n fi hun wọn, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí náà, jákẹ́ẹ̀tì tó ti lo ọgọ́rin ọdún, tí ọwọ́ híhun rẹ̀ kò ní ihò kan, yẹ kó mú wa fura. A fi òwú kékeré kan láti ọwọ́ òsì kan iná. Kò rùn bí irun. Ó yọ́. Òwú àtọwọ́dá ni, kì í ṣe irun àgùntàn. Ìbàdí ńkọ́? Ìbàdí rùn bí irun, ó sì ní ihò kòkòrò mẹ́ta. Ìbàdí ti ìbẹ̀rẹ̀ lè jẹ́. Ọwọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́rìí karùn-ún, èyí tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń pè, ni mo fi ṣe ìgbẹ̀yìn: lébẹ̀ẹ̀lì àti aṣọ inú. Lébẹ̀ẹ̀lì ló rọrùn láti ṣe jù, òun la sì máa ń gbàgbọ́ jù. Ẹ bi í ní ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́, ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ara mu? Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń gé kọ́là, bó ṣe ń gé ọmọrí àpò. Bí lébẹ̀ẹ̀lì bá pe ara rẹ̀ ní ti Dubow, kọ́là gbọ́dọ̀ jọ ti Dubow. Èkejì, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Mo fi orí abẹ́rẹ́ gbé etí lébẹ̀ẹ̀lì náà sókè díẹ̀. Bó bá ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, aṣọ tó bò mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ ju èyí tó yí i ká lọ, nítorí òógùn ọrùn kò ní lè dé ibẹ̀ dáadáa. Ohun tí a rí ni pé òógùn dúdú gba abẹ́ lébẹ̀ẹ̀lì kọjá láìdúró, láti apá kan dé apá kejì. Òógùn ti wà níbẹ̀ kí lébẹ̀ẹ̀lì tó dé. Òwú tí wọ́n fi rán an yọ́ nínú iná. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ ọgbọ́n yìí: ẹ kì í wo ojú nìkan, ẹ máa ń yí aṣọ padà wo ẹ̀yìn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dákẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé fèèkì ni nígbà náà?"

Àtúnṣe yàtọ̀ sí irọ́

Mo ní, rárá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Awọ rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́. Ìránṣọ èjìká, ẹ̀gbẹ́ àti àpò jẹ́ òwú oko, ihò wọn sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Aṣọ inú jẹ́ ti àtijọ́. Síìpù àti ọwọ́ jẹ́ àtúnṣe. Lébẹ̀ẹ̀lì nìkan ló jẹ́ irọ́.

Àtúnṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà ogun pàápàá, àwọn ológun ní ibi tí wọ́n ti ń tún jákẹ́ẹ̀tì ṣe. Wọ́n ń pààrọ̀ síìpù, wọ́n ń pààrọ̀ ọwọ́ híhun, wọ́n tilẹ̀ ń tún awọ tó ti ṣá kùn. Àtúnṣe ìgbà yẹn jẹ́ ara ìtàn aṣọ náà, kò sì yẹ ká bọ́ ọ kúrò. Ẹni tó pààrọ̀ síìpù jákẹ́ẹ̀tì yìí kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òtútù ló ń mú un, síìpù rẹ̀ sì bàjẹ́. Ẹni tó rán lébẹ̀ẹ̀lì mọ́ ọn ló fẹ́ kí oníbàárà gba ohun tí kò sí gbọ́.

Mo gbà á gbọ́ pé ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ wa. Kì í ṣe pé kí ohun gbogbo jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe pé kí olúkúlùkù ẹ̀yà jẹ́ orúkọ tí a pè é.

Aṣọ inú tí mo sọ nù

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí lọ́kàn. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, wọ́n gbé jákẹ́ẹ̀tì awọ àgùntàn kan wá sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi láti tún ṣe. Èmi ni mo tú àpò inú rẹ̀ tó ti fà ya. Yíǹkì aláwọ̀ búlúù wà lára aṣọ náà, orúkọ ènìyàn ni, lẹ́tà bíi mẹ́fà tàbí méje, àwọn kan ti pa rẹ́. N kò kà á. Mo jù ú sínú agolo ìdọ̀tí, mo rán àpò tuntun tó mọ́ tóní. Oníjákẹ́ẹ̀tì dé, ó wo inú àpò, ó béèrè aṣọ àtijọ́. Akólẹ̀kólẹ̀ ti kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò bínú sí mi. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé jákẹ́ẹ̀tì náà lé itan. Bàbá rẹ̀ àgbà ló kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Mo lè rán àpò tó dára ju ti àtijọ́ lọ. Mo rán an. Ṣùgbọ́n n kò lè rán orúkọ yẹn padà. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí mo bá yọ kúrò lára aṣọ àgbà, bó ti wù kó ya tó, inú ọ̀rá kékeré ni mo ń fi í sí, mo ń dá a padà fún olówó rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lónìí pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a máa kọ ìwé. Nígbàkigbà tí ẹ bá ta aṣọ àgbà, ẹ kọ ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn rìsíìtì, kí ẹ sì fi ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí iwájú rẹ̀: ti ìbẹ̀rẹ̀, àtúnṣe àtijọ́, àtúnṣe tuntun, ayédèrú. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ pé kò dá wa lójú. Kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ìkejì, ẹ tọ́jú awọ bí ó ti yẹ ní etí òkun. Ẹ má fi pa mọ́ sínú ọ̀rá, nítorí ọ̀rinrin á mú un hu olú funfun. Ẹ má sá a sí oòrùn ọ̀sán, yóò gan. Ẹ má fi òróró ẹ̀pà tàbí kẹrosíìnì nù ún. Òróró á rà nínú rẹ̀, kẹrosíìnì á gbẹ ẹ́. Ẹ fi kọ́ sórí ìfàṣọkọ́ tó fẹ̀ léjìká, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù fún kòkòrò.

Ìkẹta ló le jù. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. N kò lè dúró níwájú ọlọ́jà kí n sọ pé òwe yẹn kì í ṣe òótọ́. Ẹ ti rí i. Ṣùgbọ́n òwe náà sọ ti ọjọ́ ọjà kan. Ìpàtẹ yín kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ẹni tí ẹ ta èké fún máa ń padà wá, bí kò bá padà wá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á padà wá. Àdúgbò wa yìí ti jìyà ìwé ayédèrú lórí ilẹ̀ tó; kò yẹ kí a tún fi awọ kún un.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ó ṣe parí. Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ ìwé rẹ̀, ẹ̀yà mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ mẹ́jọ. Iwájú lébẹ̀ẹ̀lì, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ayédèrú. Oníbàárà àkọ́kọ́ ka ìwé náà, ó sì lọ. Mo rí ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn, n kò ní í gbàgbé rẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́rùn ìfàṣọkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn dé, ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó dúnàá dúrà, ó san ìdajì iye tí ẹni àkọ́kọ́ pè. Ó ní ìwé yẹn gan-an ni òun ń sanwó fún, nítorí níbi gbogbo tí òun ti lọ, jákẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń fún òun, wọn kì í fún òun ní òótọ́ rẹ̀.

Ó ní kí n tún ìránṣọ àpò òsì tó ti tú díẹ̀ ṣe kó tó gbé e lọ. Mo mú òwú oko, mo mú abẹ́rẹ́ tó kéré jù lọ nínú àpótí mi. Mo gba inú ihò àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi dé òpin, n kò lu ihò tuntun kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ìlà kan kún un: ìránṣọ àpò òsì, àtúnṣe tuntun, Ajah. Ó ká a, ó fi í sínú àpò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán.